Sípíríǹgì Kílọ́ọ̀ṣì Alùpùpù Àtijọ́: Gbogbo Rẹ̀ Pọ̀ ni Kí A Pààrọ̀

Bí kílọ́ọ̀ṣì alùpùpù àtijọ́ bá bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀, pílèètì ni a sábà máa ń kọ́kọ́ dá lẹ́bi. A ó tú u, a ó ju pílèètì tó wà níbẹ̀ nù, a ó ra tuntun, lẹ́yìn náà a ó tún kó sípíríǹgì àtijọ́ padà sórí pílèètì tuntun náà, nítorí pé ojú kò rí àbùkù kankan lára wọn. Sípíríǹgì kì í fọ́ bí i ti pílèètì, kì í jóná, kì í sì í rùn. Ńṣe ló ń kúrú díẹ̀díẹ̀ láìsí ariwo. Ohun tí orí yìí fẹ́ fi yé yín ni pé sípíríǹgì ló yẹ kí a kọ́kọ́ wọ̀n kí a tó dá pílèètì lẹ́jọ́, àti pé bí ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn bá ti rẹ̀, tó dá, tàbí tí kò sí níbẹ̀ mọ́, gbogbo wọn ni kí a pààrọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn kan ní ìdí tí wọn kò fi gbà bẹ́ẹ̀, ìdí wọn kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ òmùgọ̀. A ó dé ọ̀dọ̀ wọn.

Alùpùpù tí a fi ṣe àpẹẹrẹ ni Honda CG125, èyí tí Honda gbé jáde ní 1976 fún àwọn ilẹ̀ tí alùpùpù ti jẹ́ irinṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́. Àwọn ilé iṣẹ́ ní Ṣáínà ti ṣe ẹ̀dà ẹ́ńjìnì rẹ̀ lóríṣiríṣi, nítorí náà ẹni tó bá mọ kílọ́ọ̀ṣì CG ti mọ ti ọ̀pọ̀ ọ̀kadà tó ń rìn kiri títì wa. Inú ọ́ìlì ni kílọ́ọ̀ṣì náà ń gbé, lápá ọ̀tún ẹ́ńjìnì. Ọ̀wọ́ pílèètì méjì ló wà níbẹ̀. Àwọn pílèètì alálẹ̀mọ́, ìyẹn àwọn tí a lẹ èròjà mọ́ lára, ń bá ilé kílọ́ọ̀ṣì yí, ẹ́ńjìnì ló sì ń yí ilé yẹn. Àwọn pílèètì irin tí a tò sáàárín wọn ń bá ìdí kílọ́ọ̀ṣì yí, òun ló ń gbé agbára wọ inú gíà. Kò sí bóòtù tó de ọ̀wọ́ kìíní mọ́ èkejì. Ohun kan ṣoṣo tó ń mú wọn yí pọ̀ ni pé a fún wọn mọ́ra, sípíríǹgì mẹ́rin ló sì ń ṣe iṣẹ́ ìfúnpọ̀ yẹn. Nígbà tí ẹ bá fa ọwọ́ kílọ́ọ̀ṣì, ẹ̀ ń bá sípíríǹgì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jà kí pílèètì lè tú ara wọn sílẹ̀. Nígbà tí ẹ bá fi í sílẹ̀, wọ́n padà sẹ́nu iṣẹ́. Iye agbára ẹ́ńjìnì tí kílọ́ọ̀ṣì lè gbé láìyọ̀ ń pọ̀ sí i tàbí ń dín kù gẹ́gẹ́ bí ìtẹ̀mọ́lẹ̀ àwọn sípíríǹgì bá ṣe tó.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀, nítorí inú ìṣirò ni ẹ̀rí wà. Ká ní sípíríǹgì kan gùn tó mílímítà 35 nígbà tó wà lórí tábìlì, tí a bá sì de bóòtù rẹ̀ tán, ó ku 25. Mílímítà 10 tí a tẹ̀ wọlé yẹn ni gbogbo agbára rẹ̀ ti ń wá. Bí ooru àti ọdún bá ti gé mílímítà 1.5 kúrò lára rẹ̀, 8.5 péré la ó máa tẹ̀ wọlé. Gígùn rẹ̀ kò dín ju nǹkan bí ìdá 4 nínú 100 lọ, ojú lásán kò sì lè rí i. Ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ ti dín ní ìdá 15 nínú 100. Pílèètì náà tún ń jẹ. Bí pílèètì alálẹ̀mọ́ márùn-ún bá jẹ mílímítà 0.2 lọ́kọ̀ọ̀kan, ìdìpọ̀ wọn ti tín-ín-rín sí i ní mílímítà 1, àyè yẹn ni sípíríǹgì yóò sì nà sí. Ìtẹ̀wọlé 8.5 ti di 7.5 nìyẹn, ìdá kan nínú mẹ́rin agbára àkọ́kọ́ sì ti lọ. Ẹni tó bá pààrọ̀ pílèètì nìkan gba apá kan padà, ó fi apá tó pọ̀ jù sílẹ̀ níbẹ̀. Ìdí nìyí tí alùpùpù fi lè dára fún ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn tí a fi pílèètì tuntun sí i, kó tó tún bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀. Bó bá ń yọ̀, ooru ń pọ̀ sí i; bí ooru bá pọ̀, sípíríǹgì ń rẹ̀ sí i, pílèètì tuntun náà sì ń jóná kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé.

Ọ̀rọ̀ sípíríǹgì tí kò sí níbẹ̀ rárá tún burú ju èyí lọ. A máa ń tú kílọ́ọ̀ṣì ọ̀kadà tó ti pẹ́ ká bá sípíríǹgì mẹ́ta níbi tó yẹ kí mẹ́rin wà. Ẹni tó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ rò pé ìdá kan nínú mẹ́rin lòun yọ kúrò. Bí wàhálà náà bá mọ síbẹ̀, ìbá ṣì sàn. Ẹ wo ènìyàn mẹ́rin tó gbé pákó ńlá ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, tí ẹnì kan wá jùwọ́ sílẹ̀: pákó á tẹ̀ sí apá ọ̀dọ̀ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni awo tó ń tẹ pílèètì ṣe ń dúró ní ìdagun. Apá kan ń fún pílèètì jù, apá kejì kò fún un dáadáa. Bí ẹ bá gbé e níná, ó ń yọ̀. Bí ẹ bá fa ọwọ́ kílọ́ọ̀ṣì, kò tú sílẹ̀ pátápátá, gíà á le láti wọlé, alùpùpù á sì máa fẹ́ rìn nígbà tó yẹ kó dúró. Ẹni tó ń gun irú alùpùpù bẹ́ẹ̀ á máa yí kébù rẹ̀ sọ́tùn-ún sósì lójoojúmọ́, kò sì ní rí ojútùú, nítorí pé bó bá mú kébù le, ìyọ̀ á pọ̀. Bó bá dẹ̀ ẹ́, gíà á le.

Ẹ béèrè ìdí tí sípíríǹgì fi dàwátì kí ẹ tó fi tuntun sí i. Ìdí méjì ló wọ́pọ̀. Èkíní ni pé ó dá. Bó bá dá, ibo ni àjákù rẹ̀ wà? Irin líle tó ń káàkiri inú ẹ́ńjìnì kì í ṣe ohun tí à ń fojú fò: bó bá há sáàárín eyín gíà, owó tí yóò ná yín ju ti kílọ́ọ̀ṣì lọ fíìfíì. Ẹ fi òòfà wá a nísàlẹ̀ ẹ́ńjìnì, ẹ yọ sẹ́ẹ̀fù ọ́ìlì wò, ẹ to àjákù tí ẹ rí pọ̀ títí gígùn sípíríǹgì náà yóò fi pé. Ìdí kejì ni pé òpó tí bóòtù rẹ̀ ń wọ̀ ti bàjẹ́. Alumíníọ́mù ni àwọn òpó yẹn, bóòtù irin sì tètè máa ń jẹ tẹ́rẹ́ẹ̀dì inú wọn bí ẹni tó ń dè é bá fi agbára àpọ̀jù dè é. Nígbà tí òpó kan bá ti jẹ, mẹkáníìkì tó ń kánjú á fi mẹ́ta dè é, á ní ó ti tó. Bí ọ̀rọ̀ bá rí bẹ́ẹ̀, sípíríǹgì tuntun nìkan kò lè ràn yín lọ́wọ́. Ẹ pààrọ̀ awo olópòó náà, tàbí kí ẹ gbé e fún ẹni tó mọ bí a ṣe ń fi tẹ́rẹ́ẹ̀dì irin tuntun sínú ihò tó ti jẹ. Ẹ má ṣe gba kí ẹnikẹ́ni fi gọ́ọ̀mù tàbí bóòtù tó sanra ju ti àkọ́kọ́ lọ há a mọ́ ọn.

Kí ẹ tó tú ohunkóhun, ẹ rí i dájú pé sípíríǹgì ni ẹ ní láti wádìí, nítorí kì í ṣe òun nìkan ló ń mú kílọ́ọ̀ṣì yọ̀. Àmì ìyọ̀ ni pé ẹ́ńjìnì ń ké sókè, eré alùpùpù kò sì pọ̀ sí i, pàápàá ní gíà tó ga jù, tí ẹrù bá wà lórí rẹ̀. Ẹni tó ń gun òkè Màpó n'Ìbàdàn tàbí òkè Ẹ̀fọ̀n Aláayè ní Èkìtì tètè máa ń mọ̀ ju ẹni tó ń wà á lórí ilẹ̀ títẹ́jú ní Kútọnu lọ. Ẹ kọ́kọ́ wo kébù. Ó yẹ kí ọwọ́ kílọ́ọ̀ṣì ní àyè tó ń mì láìfa ohunkóhun, bíi mílímítà 10 sí 20 ní ìpẹ̀kun rẹ̀. Bí àyè yẹn kò bá sí, ńṣe ni ẹ fi ọwọ́ ara yín dì í mú kó má lè tẹ̀ dáadáa, àtúnṣe rẹ̀ kò sì ná yín ní kọ́bọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ wo ọ́ìlì. Àwọn ọ́ìlì ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kan ní èròjà tó ń mú kí irin yọ̀ lára irin kí epo bẹntiróòlù lè tọ́jọ́. Ohun tó dára fún ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ yẹn lòdì sí kílọ́ọ̀ṣì tó ń gbé inú ọ́ìlì. Láti 1998 ni àwọn ará Japan ti gbé ìlànà JASO kalẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ yìí: ẹ wá àmì MA, MA1 tàbí MA2 lára agolo tàbí ike ọ́ìlì. Èyí tó bá ní àmì MB kì í ṣe fún irú kílọ́ọ̀ṣì yìí. Bí kébù bá dára, tí ọ́ìlì náà sì tọ́, tó ṣì ń yọ̀, ó di dandan kí a ṣí i.

Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnì tutù. Ẹ gbé alùpùpù dúró ṣánṣán, ẹ da ọ́ìlì sínú abọ́ tó mọ́, kí ẹ lè rí ohun tó bá bá a jáde. Ọ́ìlì tó rùn bí ohun tó jóná, tó sì ní ẹ̀tù dúdú nínú, ń sọ fún yín pé pílèètì ti jìyà. Ẹ tú irin tí a fi ń ta alùpùpù, ẹ tú irin ìtẹ̀sẹ̀ àti ohunkóhun tó bá dí ọ̀nà ìdérí ọ̀tún, ẹ yọ kébù kúrò lára apá tó ń fà. Àwọn bóòtù ìdérí kò gùn bákan náà. Ẹ ya àwòrán ìdérí sórí páálí, kí ẹ gún bóòtù kọ̀ọ̀kan sí ipò rẹ̀ níbẹ̀. Bóòtù gígùn tí a fi sí ihò kúkúrú ti fọ́ ara ẹ́ńjìnì rí, kúkúrú tí a fi sí ihò gígùn sì máa ń jẹ tẹ́rẹ́ẹ̀dì. Bí ìdérí bá lẹ̀, ẹ fi òòlù onírọ́bà gbá a jẹ́jẹ́ yípo. Ẹ má ṣe ki ẹnu tọnafísì bọ àárín rẹ̀, nítorí ojú ibi tí gásíkẹ́ẹ̀tì ń jókòó lé ni ẹ ó fi họ, ọ́ìlì á sì máa jò níbẹ̀ títí lọ. Nígbà tí ìdérí bá jáde, ẹ ó rí awo òde tí bóòtù mẹ́rin dè, béárìnì kékeré sì wà láàárín rẹ̀. Ìdẹ̀ra tó wà lára CG nìyí: ẹ kò nílò láti tú nọ́ọ̀tù tàbí kílíìpù àárín kí ẹ tó yọ sípíríǹgì. Ẹ tú bóòtù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní ìyípo díẹ̀díẹ̀, láti igun kan sí igun tó kọjú sí i. Bí ẹ bá tú ọ̀kan tán kí ẹ tó kan èkejì, gbogbo ìtẹ̀ yóò já lé àwọn yòókù lórí, òpó alumíníọ́mù kò sì fẹ́ràn bẹ́ẹ̀.

Ẹ fọ àwọn sípíríǹgì, ẹ nù wọ́n gbẹ, ẹ tò wọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lórí gíláàsì. Ẹ fi fẹ́níà wọn gígùn ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ sì fi wé ìwọ̀n tó wà nínú ìwé àtúnṣe alùpùpù yín gan-an. Ẹ má ṣe lo ìwọ̀n 35 tí mo fi ṣàpẹẹrẹ lókè. Bí ẹ kò bá ní ìwé náà, sípíríǹgì tuntun ojúlówó ni òṣùwọ̀n yín. Èyí tó bá kúrú, tó tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, tàbí tí ẹnu rẹ̀ kò jókòó pẹrẹsẹ lórí gíláàsì ti parí iṣẹ́ rẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tí ẹ ti débẹ̀, ẹ wo pílèètì pẹ̀lú. Pílèètì irin tó ti di aláwọ̀ búlúù ti rí ooru tó tó nǹkan bí ìwọ̀n Sẹ́lísíọ́ọ̀sì 300, sípíríǹgì tó wà nítòsí irú ooru bẹ́ẹ̀ kò lè mórí bọ́. Ẹ tún fi ọwọ́ pa ẹ̀gbẹ́ àwọn ìka ilé kílọ́ọ̀ṣì: bí pílèètì bá ti gbẹ́ kòtò sára wọn, kílọ́ọ̀ṣì kò ní tú sílẹ̀ dáadáa bó ti wù kí sípíríǹgì dára tó.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ ká gbọ́ ti àwọn tó ní kò di dandan kí a ra tuntun. Àwọn kan a máa di sípíríǹgì mú ní orí méjèèjì, wọ́n á fà á títí yóò fi gùn tó ti àkọ́kọ́. Òótọ́ ni pé fẹ́níà yóò ní ó ti pé. Ṣùgbọ́n irin tí a fà kọjá ibi tó ti lè padà fúnra rẹ̀ ti yí padà nínú. Ní kété tí a bá tún tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ sínú ọ́ìlì gbígbóná, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kúrú, ó sì máa ń yára ju ti ìṣáájú lọ. Ọwọ́ ènìyàn kò sì lè fa mẹ́rin kí gbogbo wọn dọ́gba. Àwọn mìíràn ń fi wáṣà sábẹ́ sípíríǹgì, èyí sì ní ọgbọ́n nínú ju ti ìṣáájú lọ: wáṣà tó nípọn mílímítà 1 dá ìtẹ̀wọlé mílímítà 1 padà lóòótọ́. Mi ò ní sọ fún ẹni tí kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀ kọṣẹ́ lójú ọ̀nà oko, tó sì ní wáṣà mẹ́rin tó dọ́gba lọ́wọ́, pé kó má fi délé. Àmọ́ kì í ṣe àtúnṣe. Nígbà tí a bá fa ọwọ́ kílọ́ọ̀ṣì, sípíríǹgì tún ní láti kúrú sí i. Bí wáṣà bá ti gba àyè yẹn, àwọn òrùka sípíríǹgì á kan ara wọn, awo kò ní lè rìn mọ́, kílọ́ọ̀ṣì kò sì ní tú sílẹ̀. Wáṣà tún ń bo àṣírí pílèètì tó ti jẹ tán, títí irin á fi máa họ irin.

Àríyànjiyàn tó lágbára jù ni ti ojúlówó. Wọ́n ní sípíríǹgì tuntun tó wà lọ́jà kò dára tó ti àtijọ́ tó wà nínú ẹ́ńjìnì. Ó máa ń rí bẹ́ẹ̀ nígbà mìíràn, ìdí rẹ̀ sì wà nínú bí sípíríǹgì ṣe ń ṣiṣẹ́: líle rẹ̀ ń tẹ̀lé ìsanra wáyà tí a fi ṣe é ní ìlọ́po-lọ́po lẹ́ẹ̀mẹrin. Bí wáyà tó yẹ kó jẹ́ mílímítà 2 bá jẹ́ 1.9, tí gbogbo nǹkan mìíràn sì dọ́gba, sípíríǹgì náà ti rọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ ní nǹkan bí ìdá 19 nínú 100, bí gígùn rẹ̀ tilẹ̀ pé. Ṣùgbọ́n èyí kò sọ pé ká dá àtijọ́ tó ti kúrú padà. Ó sọ pé ká dán tuntun wò kí a tó sanwó. Ẹ mú ọ̀kan nínú sípíríǹgì àtijọ́ tó jẹ́ ojúlówó dání lọ sọ́jà, ì báà jẹ́ Ǹkwọ Nnewi ni ẹ lọ. Ẹ kọ́kọ́ wọn wáyà àwọn méjèèjì. Lẹ́yìn náà, ẹ to méjèèjì tẹ̀ léra sórí bóòtù gígùn kan, kí wáṣà kan wà láàárín wọn àti ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìpẹ̀kun, kí ẹ wá dè é mọ́lẹ̀ pẹ̀lú nọ́ọ̀tù. Agbára kan náà ló ń tẹ àwọn méjèèjì, nítorí náà iye mílímítà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fi kúrú ni kí ẹ wọ̀n. Ọjọ́ orí ń gé gígùn sípíríǹgì. Kì í fi bẹ́ẹ̀ dín líle wáyà rẹ̀ kù. Bí iye tí tuntun fi kúrú bá ju ti àtijọ́ lọ lábẹ́ nọ́ọ̀tù kan náà, wáyà rẹ̀ kò tó, kí ẹ dá a padà fún ẹni tó ń tà á.

Àwọn tó ní ọ̀kan tó dá nìkan làwọn máa pààrọ̀ ń ro ti owó. Àwọn sípíríǹgì mẹ́rin ti jọ gbé inú ooru kan náà fún iye ọdún kan náà. Bí ẹ bá fi tuntun kan sáàárín àtijọ́ mẹ́ta, igun kan yóò le ju àwọn yòókù lọ, awo á sì tún dagun. Gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun, ọ́ìlì tuntun bíi lítà kan, àti owó iṣẹ́ mẹkáníìkì ni ẹ ó san yálà ẹ pààrọ̀ ọ̀kan tàbí mẹ́rin. Sípíríǹgì ló kéré jù nínú gbogbo ìnáwó náà. Ẹ má sì lọ sí òdìkejì, kí ẹ ra èyí tó le jù tí wọ́n ń ṣe fún alùpùpù eré ìje. Ẹ́ńjìnì 125 kò nílò rẹ̀. Ọwọ́ yín ni yóò máa ro yín nínú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ, kébù á sì tètè já.

Ìdápadà kò ní wàhálà bí ẹ bá ní sùúrù. Pílèètì tuntun, bí ẹ bá rà á, gbọ́dọ̀ mu ọ́ìlì yó kó tó wọlé. Ẹ fi sípíríǹgì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jókòó dáadáa, ẹ gbé awo òde lé e, ẹ fi ọwọ́ lásán bẹ̀rẹ̀ bóòtù kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó fi sípánà kàn án, kí ẹ sì máa dè wọ́n díẹ̀díẹ̀ láti igun sí igun. Nígbà tí bóòtù bá kan ìdí rẹ̀, ó tó. Bóòtù mílímítà 6 nínú alumíníọ́mù kò gba agbára apá. Ẹ rí i pé béárìnì àárín àti irin tó ń tì í wà ní ipò wọn, kí ẹ fi gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun sí i, kí ẹ da ọ́ìlì oní-MA, kí ẹ tún àyè kébù wọ̀n. Ẹ wà á níbi tí ọkọ̀ kò pọ̀ sí, ní gíà tó ga jù, kí ẹ sì gbé e níná díẹ̀díẹ̀: bí ohùn ẹ́ńjìnì àti eré bá jọ ń gòkè, iṣẹ́ ti parí. Lẹ́yìn ìrìn ọjọ́ mélòó kan, ẹ tún àyè kébù náà wò. Ẹ kó sípíríǹgì àtijọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ sí ibi tí wọ́n ti ń ra àjákù irin, kí ẹ má ṣe fi wọ́n sínú àpótí irinṣẹ́, nítorí ẹlòmíràn á rí wọn níbẹ̀, á sì rò pé wọ́n ṣì dára.